Mẹ́talọ́kan àti àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́: Ẹ̀kọ́ tó kúrò ní Áfíríkà, tó gba Yúróòpù kọjá kó tó dé Accra

Lọ́dọọdún, láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún, ìlú Accra tó jẹ́ olú-ìlú Ghana máa ń dákẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 30.

Àwọn Gã tó ni ilẹ̀ Accra ló ni àṣà yìí. Bí àwọn wulomei, ìyẹn àwọn àwòrò wọn, bá ti gbin irúgbìn ọdún Homowo tán, ìgbìmọ̀ àwọn ọba Gã yóò pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ìlù tàbí pariwo láàrin ìlú títí wọn yóò fi ṣí òfin náà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé irúgbìn nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kó tó lè hù, àti pé àwọn òòṣà pẹ̀lú nílò rẹ̀.

Àwọn ìjọ Kristẹni kan ní Accra kò gba òfin yìí wọlé. Wọ́n ní Ọlọ́run tí àwọn ń sìn pàṣẹ pé kí àwọn fi ìlù àti ijó yin òun, àti pé àwọn kò lè dákẹ́ nítorí òòṣà ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà ti di ìjà rí, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rántí nínú àríyànjiyàn yìí ni pé ẹ̀sìn Kristẹni ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tirẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 1,600 tí àwọn Kristẹni kan ti ń gbàdúrà láì sọ̀rọ̀, láì béèrè ohunkóhun, tí wọ́n kàn ń jókòó níwájú Ọlọ́run tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Lọ́pọ̀ ọdún, Ọjọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan, tó máa ń tẹ̀lé Pẹ́ńtíkọ́sì ní ọ̀sẹ̀ kan, máa ń bọ́ sí inú oṣù tí Accra ń dákẹ́ tàbí kó súnmọ́ ọn.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí àti ọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan fúnra rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà?

Kò sí ọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan nínú Bíbélì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìrìbọmi, àti bí àwọn àpọ́sítélì ṣe ń dárúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kí ìjọ tàbí súre fún wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 180, Theophilus tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Antioch lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà ní èdè Látìn, tí Róòmù àti gbogbo ìwọ̀-oòrùn ayé wá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ni Tertullian, ọmọ ìlú Carthage, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí.

Ní nǹkan bí ọdún 213, Tertullian kọ̀wé tako ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Praxeas. Ohun tí Praxeas ń kọ́ àwọn èèyàn ni pé ẹnìkan ṣoṣo ni Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí, pé orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Tertullian ní rárá, ẹni mẹ́ta ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwà wọn jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Ó wá fi ohun tí ojú ń rí ṣàlàyé rẹ̀: gbòǹgbò, igi àti èso, orísun omi, odò àti ìṣàn tó ti inú odò ya, oòrùn, ìtànṣán rẹ̀ àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ìtànṣán náà balẹ̀ sí. Títí dòní, oníwàásù tó bá fẹ́ ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan ní Accra tàbí Abẹ́òkúta kì í jìnnà sí irú àpẹẹrẹ wọ̀nyí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, ní Ọlọ́run ló dá Ọmọ, nítorí náà Ọmọ kò lè bá Baba dọ́gba. Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjọ sí méjì, débi pé olú-ọba Constantine pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí ìlú Nicaea, ní ilẹ̀ Turkey òde òní, ní ọdún 325. Wọ́n dá Arius lẹ́bi níbẹ̀. Ìpàdé míràn tó wáyé ní Constantinople ní ọdún 381 ló wá fẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa Ẹ̀mí Mímọ́ múlẹ̀.

Athanasius, tó di bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní ọdún 328, ló gbé ìjà náà lérí jù. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n lé e kúrò ní ìlú, nǹkan bí ọdún 17 ló sì lò káàkiri ìgbèkùn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń wá a kiri lẹ́yìn ọdún 356, inú aṣálẹ̀ ló sá lọ, àwọn mọ́ńkì ló sì fi í pamọ́.

Ẹni tó ń jà fún Mẹ́talọ́kan nílùú di ẹni tí àwọn tó ń gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń bọ́, tí wọ́n sì ń ṣọ́. Athanasius náà ló kọ ìtàn ìgbésí ayé Anthony ará Íjíbítì, ìwé tó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa àwọn mọ́ńkì aṣálẹ̀.

Bàbá arúgbó tó sunkún nínú aṣálẹ̀

Kí ni àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí à ń sọ yìí?

Kì í ṣe àdúrà ẹ̀bẹ̀, kì í sì í ṣe ti ogun tẹ̀mí. Ẹni tó fẹ́ gba irú àdúrà yìí lè ka ẹsẹ Bíbélì díẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó mú ọ̀rọ̀ kúkurú kan níbẹ̀, kó máa sọ ọ́ lọ́kàn títí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò kàn jókòó, bí ọmọ ṣe ń jókòó ti ìyá rẹ̀ láì béèrè owó.

Àwọn mọ́ńkì aṣálẹ̀ Íjíbítì gbà pé èrò ọkàn ló ń dí èèyàn lọ́wọ́ jù nínú àdúrà, àti pé kódà àwòrán tí èèyàn yà nípa Ọlọ́run lọ́kàn rẹ̀ lè di òòṣà tí kò mọ̀ pé òun ń bọ.

John Cassian, tó gbé pẹ̀lú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 399. Bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà kọ lẹ́tà sí gbogbo àwọn mọ́ńkì pé Ọlọ́run kò ní ara bíi ti èèyàn. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Serapion wà láàrin wọn, ẹni tí gbogbo èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti máa ń wo Ọlọ́run lọ́kàn bí ẹni tó ní ojú àti ọwọ́.

Wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un títí ó fi gbà. Inú gbogbo wọn dùn, wọ́n sì dìde láti gbàdúrà ọpẹ́. Ṣùgbọ́n bí àdúrà bẹ̀rẹ̀, bàbá náà wó lulẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ní wọ́n ti gba Ọlọ́run òun lọ́wọ́ òun, òun kò sì mọ ẹni tí òun máa sìn mọ́.

Cassian kò fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé èèyàn lè gba ẹ̀kọ́ tó tọ́ nípa Ọlọ́run, síbẹ̀ kó má mọ bí yóò ṣe fi ẹ̀kọ́ náà gbàdúrà. Àárín ẹ̀kọ́ àti àdúrà ni àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti ń ṣiṣẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 415, Cassian gbé ẹ̀kọ́ aṣálẹ̀ lọ sí Marseille ní ilẹ̀ Faransé òde òní, ó sì dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, Benedict ará Ítálì kọ òfin tí ọ̀pọ̀ mọ́ńkì Yúróòpù ń tẹ̀lé títí dòní, ó sì ní kí wọ́n máa ka ìwé Cassian. Ọ̀dọ̀ Íjíbítì ni àwọn mọ́ńkì òyìnbó ti kọ́ iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Augustine, tí wọ́n bí sí ìlú Thagaste ní Algeria òde òní ní ọdún 354. Ìwé 15 ló kọ lórí Mẹ́talọ́kan, ó sì gbà á ní nǹkan bí 20 ọdún. Ó wo inú ọkàn èèyàn, ó rí ìrántí, òye àti ìfẹ́-inú níbẹ̀, ó ní ohun mẹ́ta ni wọ́n ṣùgbọ́n ọkàn kan ṣoṣo ni. Síbẹ̀, nígbà tó dé ìparí, ó jẹ́wọ́ pé àpẹẹrẹ náà kò tó, ó sì fi àdúrà parí ìwé rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe fi Gã, Twi àti Yorùbá sọ ọ́?

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ Accra tó kọ́kọ́ pàdé irú ìsìn yìí ni Christian Protten. Ọdún 1715 ni wọ́n bí i ní Christiansborg, tó jẹ́ Osu lónìí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Denmark, ìyá rẹ̀ sì wá láti ìdílé ọba Gã.

Ní Copenhagen, Protten pàdé Zinzendorf, olórí àwọn Moravian. Láti ọdún 1727 ni àwọn Moravian ti ń pín wákàtí àdúrà láàrin ara wọn kí àdúrà má baà dá lọ́sàn-án àti lóru, ó sì lé ní 100 ọdún tí wọ́n fi ṣe é. Protten padà sí Gold Coast ní ọdún 1737. Iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1764, ó tẹ ìwé gírámà kan jáde lórí èdè Fante àti Gã.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1828, àwọn míṣọ́nnárì Basel mẹ́rin gúnlẹ̀ sí Christiansborg. Kò pẹ́ rárá tí ikú fi pa wọ́n. Ní ọdún 1850, Johannes Zimmermann, ọmọ Jámánì, dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan náà. Ó gbé láàrin àwọn Gã títí ó fi parí gbogbo Bíbélì ní èdè Gã ní ọdún 1866.

Kí míṣọ́nnárì kankan tó dé, àwọn Gã ti ní orúkọ tí wọ́n ń pe Ọlọ́run: Ataa Naa Nyɔŋmɔ. Ataa jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ń pe bàbá, Naa sì jẹ́ ti ìyá àgbà. Láàrin àwọn èèyàn tó ti ń fi orúkọ bàbá àti ìyá pọ̀ pe Ọlọ́run kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ pé èèyàn kò lè fi ẹyọ orúkọ kan parí ẹni tí Ọlọ́run jẹ́ kò lè jẹ́ àjèjì pátápátá.

Ní Akropong, lórí òkè tó wà ní àríwá Accra, J. G. Christaller parí Bíbélì Twi ní ọdún 1871. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Kristẹni tó ń sọ Twi ń lò fún Mẹ́talọ́kan ni Baasakoro. Ẹni tó bá gbọ́ Twi yóò mọ̀ pé wọn kì í ka èèyàn bí wọ́n ṣe ń ka ohun ìní. Baasa ni ẹ̀ta tí wọ́n fi ń ka èèyàn, koro sì ni ọ̀kan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ pé ẹni mẹ́ta ni, kì í ṣe nǹkan mẹ́ta.

Ti Yorùbá yàtọ̀ díẹ̀. Mẹ́talọ́kan kò sọ ohun tí a kà. Ẹ̀ta àti ọ̀kan nìkan ló fi síbẹ̀, kò sì wí pé ẹni ni tàbí nǹkan. Ó ṣe é há sórí, ó dùn ún kọ lórin, ó sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ béèrè pé: mẹ́ta kí ni?

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe eré nínú ilé Yorùbá, níbi tí bàbá lè jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìyá sì jẹ́ Kristẹni. Mùsùlùmí tó gbọ́ Mẹ́talọ́kan lè rò pé ọlọ́run mẹ́ta ni wọ́n ń sìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun. Kristẹni tí kò rí àlàyé ṣe yóò dé orí òwe pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òwe náà dára fún ìṣọ̀kan, ṣùgbọ́n òkúta mẹ́ta ni ààrò mẹ́ta jẹ́, kò sì di ọ̀kan láéláé.

Àwọn tó ń gba àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlọ́ àpamọ̀ tí ẹnìkan yóò tú kó sì gba àtẹ́wọ́. Ní ìgbàgbọ́ wọn, inú Mẹ́talọ́kan ni èèyàn ti ń gbàdúrà: Ẹ̀mí ló ń gbàdúrà nínú onígbàgbọ́, Ọmọ ló ń gbé àdúrà náà, ọ̀dọ̀ Baba ló sì ń lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní òye ni kí èèyàn wọ inú ìfẹ́ náà.

Àwọn tó gbé e dé ìlú Accra

Ẹni tó bá rin àárín Accra lónìí yóò rí orúkọ ẹ̀kọ́ yìí lára ilé. Holy Trinity ni orúkọ kàtídírà àwọn Áńgílíkà tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1890. Ní Adabraka, Holy Spirit ni orúkọ kàtídírà àwọn Kátólíìkì. Ní Legon, Trinity ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ tí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Presbyterian àti Evangelical Presbyterian bẹ̀rẹ̀ ní Kumasi ní ọdún 1942 kó tó kó wá sí Accra.

Ní ìparí àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ àwọn Fadá tí wọ́n ń pè ní SVD gba iṣẹ́ ìjọ Kátólíìkì ní Accra. Arnold Janssen, àlùfáà ọmọ Jámánì, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Steyl, ilẹ̀ Netherlands, ní ọdún 1875.

Mẹ́talọ́kan ni Janssen fi ṣe ìpìlẹ̀ àdúrà rẹ̀. Ohun tó ń tọrọ fún gbogbo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé kí Ọlọ́run Mẹ́talọ́kan máa gbé nínú ọkàn àwọn àti ti gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn tó ti dá ẹgbẹ́ àwọn Fadá àti ti àwọn Sístà tó ń jáde lọ ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ó tún dá ẹ̀kẹta sílẹ̀ ní ọdún 1896: àwọn Sístà aláṣọ àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa gbàdúrà níwájú Sàkírámẹ́ǹtì lọ́sàn-án àti lóru. Janssen gbà pé bí kò bá sí ẹni tó ń dákẹ́ níwájú Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wàásù yóò gbẹ.

Joseph Bowers, ọmọ erékùṣù Dominica, wà lára àwọn SVD tó dé Gold Coast. Ní ọdún 1953, wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù Accra, nígbà tí aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kò pọ̀ rárá. Ipò náà ló wà títí di ọdún 1971.

Lọ́dọ̀ àwọn Áńgílíkà, Richard Roseveare di bíṣọ́ọ̀bù Accra ní ọdún 1956. Inú ẹgbẹ́ àwọn Áńgílíkà tó ń gbé papọ̀ bíi mọ́ńkì, tí wọ́n ń pè ní Society of the Sacred Mission, ló ti wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1962, ó sọ̀rọ̀ tako ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé Young Pioneers tí ìjọba Kwame Nkrumah dá sílẹ̀, ó ní wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún Ọlọ́run nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìjọba lé e kúrò ní Ghana, kó tó di pé wọ́n gbà á láyè láti padà.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi hàn pé ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ nínú àdúrà lè má dákẹ́ níwájú ìjọba.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ilé mọ́ńkì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní agbègbè náà. Ní Dzogbégan ní Togo, àwọn mọ́ńkì Benedict láti ilẹ̀ Faransé dá ilé kan sílẹ̀ ní ọdún 1961. Ní ọdún 1989, àwọn mọ́ńkì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland dá Kristo Buase sílẹ̀ nítòsí Techiman ní Ghana. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Kristi lábẹ́ àpáta. Àárín àwọn àpáta ńláńlá ló wà, kò sì jìnnà sí Tanoboase, níbi tí àwọn Bono ní igbó mímọ́ òòṣà Tano sí. Láyé òde òní, àwọn tó rẹ̀ nítorí ariwo Accra wà lára àwọn tó máa ń lọ sinmi níbẹ̀.

Yorùbá ní Accra, láti Freeman dé ọdún 1969

Kò sẹ́ni tó lè sọ ìtàn yìí láì dárúkọ Yorùbá. Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ti Gold Coast gba ọ̀nà omi wá sí Badagry pẹ̀lú William de Graft ní ọdún 1842. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ṣódẹkẹ́ gbà á lálejò ní Abẹ́òkúta. Accra ni Freeman kú sí ní ọdún 1890.

Lẹ́yìn náà, Yorùbá ló wá ń gbé ẹ̀sìn lọ sí Ghana. Àwọn oníṣòwò Yorùbá kó ipa ńlá nínú bí ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣe gbilẹ̀ níbẹ̀, débi pé abẹ́ ìgbìmọ̀ ìjọ náà ní Nàìjíríà ni wọ́n wà títí di àwọn ọdún 1960. Ní ọdún 1953, Adeleke Adejobi gbé Ìjọ Olúwa Aládúrà, tí Josiah Ositelu dá sílẹ̀ ní Ògèrè, lọ sí Ghana.

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ Aládúrà mọ́ agogo, orin àti àtẹ́wọ́. Àmọ́ Aládúrà kan náà ló ń gorí òkè lọ, tó ń gbààwẹ̀, tó ń jókòó fún wákàtí púpọ̀ láì sọ̀rọ̀, tó ń retí ìran.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 láti gba ìwé tàbí kúrò ní Ghana. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ló di ẹrù wọn lórí. Ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn Yorùbá ni kò gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ìjọ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àìfẹ́ lèyí, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní àdúrà.

Ọdún tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ di ìjà

Láti ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn ìjọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní Accra. Gbohùngbohùn ńláńlá, ìlù, àdúrà alẹ́ mọ́jú àti ogun tẹ̀mí ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Wọ́n fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra, wọ́n sì sọ pé ohùn òkè ni ìgbàgbọ́ tó gbóná.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1998, Póòpù John Paul Kejì wá sí Nàìjíríà, ó sì kéde Cyprian Michael Iwene Tansi ní ẹni ìbùkún. Ọmọ Aguleri ni Tansi. Ó fi iṣẹ́ àlùfáà rẹ̀ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1950, ó sì lọ di mọ́ńkì ní Leicestershire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti gbé nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ títí ó fi kú ní ọdún 1964.

Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, tó jẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn ọ̀dọ́ Gã kọlu ìjọ Lighthouse Chapel ní Korle Gonno ní Accra. Wọ́n ní ìjọ náà ń lu ìlù nígbà tí òfin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣì wà. Wọ́n ba ohun èlò jẹ́, àwọn èèyàn sì farapa. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e.

Àríyànjiyàn náà le nítorí pé òfin ń gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ méjèèjì. Abala 21 nínú ìwé òfin Ghana ti ọdún 1992 fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù wọ́n. Abala 26 fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti tọ́jú àṣà wọn. Ẹni tó bá mọ àríyànjiyàn ọdún Orò nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí.

Àwọn ìjọ Gã àtijọ́ kan sọ pé àwọn lè gbé ìlù sílẹ̀ fún oṣù kan nítorí àlàáfíà. Àwọn ìjọ tuntun ní bí àwọn bá ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àwọn ti tẹrí ba fún òòṣà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpàdé láàrin ìjọba, àwọn ọba àti àwọn olórí ìjọ, wọ́n fẹnu kò pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan fi ohùn rẹ̀ mọ sínú ilé ìjọsìn rẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn aláṣẹ ìlú Accra máa ń rán gbogbo èèyàn létí, wọ́n sì máa ń yan àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Ṣé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan náà ni?

Rárá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Gã jẹ́ ti gbogbo ìlú, ó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oúnjẹ ló sì dá lé. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ìlù yóò dún, wọn yóò se kpokpoi, wọn yóò sì fi ebi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọdún Homowo. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Kristẹni jẹ́ ti ọkàn, kò ní oṣù kan pàtó, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run Mẹ́talọ́kan ló sì dojú kọ.

Kristẹni tó bá dákẹ́ nínú oṣù náà kò wá di ẹni tó ń bọ òòṣà Gã, Gã tó sì gbà kí Kristẹni máa gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ kò di Kristẹni.

Ṣùgbọ́n ìtàn yí ìbéèrè náà padà díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń bi ìjọ ní Accra ni bóyá wọ́n lè dákẹ́ nítorí ẹlòmíràn. Tertullian, Athanasius, bàbá Serapion àti Augustine, tí gbogbo wọn gbé ní Áfíríkà, jẹ́ ká mọ̀ pé ìjọ ní ìdí tirẹ̀ láti dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ fún un. Ìjọ tó bá rántí èyí lè pa ìlù mọ́ fún ọjọ́ 30 láì gbà pé ẹnìkan ti ṣẹ́gun òun.

Ní àárín Accra, igbó kan wà tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń lọ gbàdúrà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan ń pariwo níbẹ̀, àwọn kan ń rìn káàkiri, àwọn kan sì jókòó sábẹ́ igi láì sọ ohunkóhun. Achimota ni orúkọ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí àwọn Gã ń sọ, ibẹ̀ ni àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú ń fara pamọ́ sí nígbà kan, ìtumọ̀ orúkọ náà sì ni pé wọn kì í dárúkọ níbẹ̀.